Kí ẹ tó pe agbábọ́ọ̀lù ní ọ̀dàlẹ̀, ẹ wo bó ṣe kúrò ná

Fáànù Arsenal, kọ́lọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù ìlú London, ni mí o. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ń wá, kí ẹnì kan má baà ní mo fi pamọ́. Èmi ni mo máa ń dúró gba owó lẹ́nu ọ̀nà ní ilé bọ́ọ̀lù ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, ní Tánkè, Ìlọrin níbí, àwọn stúdẹ́ǹtì Unilorin, àwọn ọlọ́kadà, àwọn káfíńtà, àwọn àáfáà tí wọ́n máa ń sáré lọ kírun ní háfùtáìmù tí wọ́n á tún sáré padà, gbogbo wọn ló ń wá. Ẹni tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wo bọ́ọ̀lù, èèyàn ló máa ń wò. Ohun tí mo sì ti rí ni pé ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín wa kì í ṣe gólì, kì í ṣe réfirí, kì í tiẹ̀ ṣe tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀tì tó já. Ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù tó kúrò níbì kan lọ síbòmíràn ni, pàápàá tó bá lọ bá ọ̀tá.

Fáànù Tottenham, ọ̀tá Arsenal, ò pọ̀ ní Ìlọrin, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ṣùgbọ́n a ní ẹnì kan, iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe, Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ la máa ń pè é, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bá èèyàn fa ọ̀rọ̀. Ẹ dárúkọ Sol Campbell létí ẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ 2001 o! Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń bá a jiyàn, wọn ò tíì bí wọn nígbà yẹn.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: Tottenham ló tọ́ Campbell dàgbà láti kékeré, wọ́n fi ṣe kápúteènì, kóńtáráàtì ẹ̀ wá ń parí lọ, gbogbo fáànù gbà pé á tún un ṣe. Àfi ìgbà tí Arsenal pe àwọn oníròyìn pé ẹ wá wo ẹni tuntun tí a mú, àwọn yẹn rò pé gólìkípà kan tó ń jẹ́ Richard Wright ni wọ́n fẹ́ wá wò, Campbell ló yọ sí wọn. Kọ́bọ̀ kan Tottenham ò rí gbà níbẹ̀, torí ìdájọ́ Bosman ti 1995 ti ní agbábọ́ọ̀lù tí kóńtáráàtì ẹ̀ bá ti tán lè máa lọ síbi tó wù ú láìsí pé ẹnikẹ́ni san owó lórí ẹ̀. Ibi tó sì wù ú yẹn, ibẹ̀ gan-an ni wọn ò fẹ́ kó lọ. Ìjà Arsenal àti Tottenham kì í ṣe tàná, láti 1913 ni, nígbà tí Arsenal kó kúrò ní Woolwich wá sí Highbury, tó fi di aládùúgbò wọn, tó tún wá di 1919 tí wọ́n dìbò gbé Arsenal sí Dífíṣọ̀n Kìíní tí Tottenham sì já sísàlẹ̀. Campbell dé Arsenal, ó gba líìgì ní 2002, ó tún gba ti 2004 tí a ò fìdí rẹmi rárá, orí pápá Tottenham gan-an la sì ti gba ti 2004 yẹn, a gbá 2-2 a ń jó nínú ilé onílé. Mo máa ń sọ eléyìí kí n lè rí ojú Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wí fún un.

Ó wá di ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ yìí tún gbóná, Alhaji kan tó jẹ́ Liverpool, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìntì, ló dá sí i. Ó ní, "Télọ̀, ìwọ tó ń bú ọmọ ọlọ́mọ yìí, ṣebí o gba fírídọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ, tí o sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù ẹ̀?" Ilé dàrú. Wọ́n hó, wọ́n lu bẹ́ǹṣì, ẹnì kan ti ń pè é ní Campbell. Èmi náà rò pé ó ti bọ́ sí i. Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ dúró kí ariwo rọlẹ̀, ó ní, "Alhaji, òótọ́ ni ẹ sọ. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ọ̀gá mi. Mi ò tíì san owó ṣọ́ọ̀bù tí mo ti lọ kúnlẹ̀ sọ fún un pé ibí ni mo fẹ́ lò o sà. Ó bú mi dáadáa, ó wá gbàdúrà fún mi. Ẹ lọ bi Campbell bóyá ó sọ fún wa."

Èsì yẹn tún orí mi tò, torí èmi gẹ́gẹ́ bí Arsenal, ohun tí mo máa ń sọ ni pé òfin gbà á láàyè, ó parí. Ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀. Àwọn fáànù mọ̀ pé bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́, wọ́n mọ̀ pé èèyàn á wá owó, ẹ̀gbẹ́ kan ìrora wọn ni pé ọmọ lọ sílé ọ̀tá, ẹ̀gbẹ́ kejì tó sì wúwo jù ni pé ẹ jẹ́ kí a máa kọrin fún yín nígbà tí ẹ ti di ẹrù yín sílẹ̀. Látìgbà náà, tí wọ́n bá dárúkọ ẹnì kan fún mi pé ọ̀dàlẹ̀ ni, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé báwo ló ṣe kúrò? Ṣé ó sọ? Ṣé kóńtáráàtì ẹ̀ ti tán àbí ó wà nínú ẹ̀ ó kọ̀ kò lọ sí tréníǹ? Kí ló ṣe nígbà tó padà wá?

Ẹ wo ti Robin van Persie, agbábọ́ọ̀lù iwájú wa, tó dun àwa gan-an. Oṣù keje 2012 ló ti sọ ọ́ síta gbangba pé òun ò ní tún kóńtáráàtì òun ṣe ní Arsenal, ó kù ọdún kan, ó jẹ́ kí wọ́n rí owó gbà lórí òun, ó kọjá sí Man United. Ó gbé jẹ́sì 20 wọ̀, ó gbá gólì 26, United gba líìgì lọ́dún yẹn, ó di ìkogún tí wọ́n gbà. Ó dùn mí? Ó dùn mí wọnú egungun. Ṣé ó parọ́ fún wa? Kò parọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan níwájú mi ya fọ́tò ẹ̀ kúrò lára ògiri wa lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi sì gba owó pósítà lọ́wọ́ ẹ̀, ìyẹn ló dáa.

Adebayor ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n bí ní Lomé tó ń jẹ́ Adébáyọ̀ bíi tiwa, gbogbo Tánkè ló fẹ́ràn ẹ̀. Arsenal tà á fún Man City ní 2009 ni o, wọ́n tà á, wọ́n gbowó, kò sá lọ. Àwọn fáànù Arsenal wá ń bú u lórí pápá ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ó gbá gólì, ló bá sáré láti ìpẹ̀kun pápá kan dé ìkejì, tó lọ kúnlẹ̀ yọ̀ síwájú wọn. Inú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn náà ló ti tẹ van Persie lójú. Títí dòní tí ẹ bá fi fídíò eré sísá yẹn hàn, ilé a pín sí méjì, àwọn kan á ní kò lẹ́kọ̀ọ́, àwọn kan á ní ṣé kó máa gba èébú lọ láìfèsì ni. Èmi rò pé àwọn tó bú u ló kọ́kọ́ jẹ̀bi, kò sì yẹ kó sáré yẹn náà. Wọn ò gbà fún mi rí, kò ṣe nǹkan.

Mikel Obi, ìyẹn lẹ́jọ́. Ọmọ ọdún 18 ni ní 2005 tó gbé jẹ́sì Man United dání níwájú àwọn oníròyìn ní Norway, láìpẹ́ wọ́n ní Chelsea ló ń lọ, ẹjọ́ fa, títí di 2006 tí Chelsea san mílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn fún United àti mílíọ̀nù 4 fún Lyn, kọ́lọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Norway. Àwọn Man U wa ò tíì dárí jì í. Ọmọ ọdún 18, àwọn ẹ̀jẹ́ńtì lọ́tùn-ún, àwọn kọ́lọ́ọ̀bù lósì, ẹ̀yin tí ẹ ń bú u, ta ló ń gba yín nímọ̀ràn nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún 18?

Kí n má gbàgbé Figo, torí ó kan ọ̀rọ̀ àyíká wa. Láti Barcelona lọ sí Real Madrid ní 2000, Florentino Pérez tó ń du ipò ààrẹ Real Madrid ló fi ṣe ìlérí ìbò, ó wọlé, ó san nǹkan bíi mílíọ̀nù 62 yúrò. Nígbà tó padà lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Camp Nou ní 2002, wọ́n ju orí ẹlẹ́dẹ̀ sí i. Orí ẹlẹ́dẹ̀! Ní Ìlọrin níbí, ta ló fẹ́ fọwọ́ kan orí ẹlẹ́dẹ̀ kó tó di pé ó jù ú?

Ohun tí àwa fáànù kì í fẹ́ gbọ́ ni pé kọ́lọ́ọ̀bù gan-an kì í ṣe olóòótọ́ sí ẹnikẹ́ni. Iker Casillas, gólìkípà, dé Real Madrid lọ́mọ kékeré, ó gba gbogbo ife tó wà, ní 2015 tó fẹ́ máa lọ sí Porto òun nìkan ló jókòó níwájú àwọn oníròyìn tó ń sunkún, ọ̀gá kan ò jókòó tì í. Agbábọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Eberechi Eze náà, Arsenal lé e nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13. Ní 2025 tí Tottenham ti rò pé ọwọ́ àwọn ti bà á, Arsenal tó lé e náà ló wá gbé e. Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ ò wá sílé bọ́ọ̀lù fún ìgbà díẹ̀, ó ní iṣẹ́ pọ̀. Iṣẹ́ wo? Kò sí ọdún nítòsí.

Alhaji náà wá rí tiẹ̀. Trent Alexander-Arnold, ọmọ Liverpool pọ́ńbélé, ogún ọdún ló ti wà nínú kọ́lọ́ọ̀bù yẹn, ó gba Champions League, ó gba líìgì lẹ́ẹ̀mejì, ó sọ ọ́ síta ní May 2025 pé òun ń lọ. Àwọn fáànù ẹ̀ fúnra wọn ló hó lé e lórí ní Anfield nígbà tó wọ pápá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú àwa Arsenal. Mo wojú Alhaji. Ó ní, "Ó sọ fún wọn, àbí kò sọ?" Èmi náà ní ó sọ, sà. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ó dùn mí." Ká sòótọ́, kò sí òfin pé kó má dun èèyàn.

Èébú ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù fún ẹ̀yin ọ̀dọ́. Bú eré tí agbábọ́ọ̀lù gbá, bú irun orí ẹ̀, sọ pé ojú owó ló ní, ó tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ti kan ìyá, kan ọmọ, kan àwọ̀ ara, òfin ilé bọ́ọ̀lù wa ni pé ìta ni, owó tí o san ò ní padà. Campbell tí mo ń sọ yìí, ó ti wà ní Portsmouth ní 2008, ọdún méje lẹ́yìn tó kúrò, àwọn kan ṣì ń kọ orin ìdọ̀tí sí i débi tí àwọn ọlọ́pàá fi gbé lára wọn lọ sí kóòtù. Ní ti àwa, mo ti rí ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan tí wọn ò bára sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi ṣe ìdánwò, torí agbábọ́ọ̀lù tí kò mọ ibi tí Tánkè wà. Ọmọ Ọ̀ffà ni mí, ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, a mọ bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn, a sì mọ̀ pé lẹ́yìn ìjàkadì ẹ jọ máa lọ jẹun ni.

Ohun kan tún wà tó máa ń yà mí lẹ́nu. Kwara United tiwa níbí gba Federation Cup ní 2025, a pariwo, a gbé ọ̀pá àsíá, ẹ wá bi àwọn tó ń sunkún nítorí Campbell kí wọ́n dárúkọ agbábọ́ọ̀lù Kwara United márùn-ún. Agbábọ́ọ̀lù líìgì wa ń paarọ̀ kọ́lọ́ọ̀bù bó ṣe ń paarọ̀ sísìnì, kóńtáráàtì wọn kì í gùn, ẹnikẹ́ni kì í pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ torí pé a ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lọ. Ẹ tún wo Rashidi Yekini, ọmọ Ìrá nítòsí Ọ̀ffà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí ní 2012. Ó gbá fún 3SC Ìbàdàn, ó kúrò níbẹ̀ lọ sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, ó lọ sí Africa Sports ní Abidjan, ó lọ sí Setúbal ní Portugal, ó lọ sí Olympiacos, ká tó ka àwọn yòókù. Ṣé ẹ ti gbọ́ kí ará Ìrá kan bínú pé kọ́lọ́ọ̀bù ẹ̀ pọ̀ jù? Gólì 37 fún Nàìjíríà ni wọ́n máa ń kà fún yín, àti ti Bulgaria ní 1994 tó di àwọ̀n gólì mú tó ń sunkún. Àwọn 3SC tó máa ń wá sọ́dọ̀ wa gan-an, "Yekini wa" ni wọ́n ń pè é, àwọn Ẹ̀gbá náà ní "Yekini wa", kò sì sí ìjà.

Ìmọ̀ràn ìkẹyìn, ti owó ni. Ẹ yé é fi owó oúnjẹ kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù tó ṣì ń gbá sẹ́yìn jẹ́sì. Tó bá lọ, ẹ ò ní lè wọ̀ ọ́ jáde, àwọn kan ń sun ún, àwọn kan ń gbé e lọ fún Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ kó bá wọn rán nǹkan bo orúkọ yẹn, owó gidi ló sì máa ń gbà, pàápàá lọ́wọ́ àwọn Arsenal. Orúkọ ara yín ni kí ẹ kọ, tàbí ti ẹni tó ti fẹ̀yìntì. Èmi, Kanu 25 ni mo wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ wa, ó ti pẹ́ jù.