Ẹ̀yin tó ń wojú Olúwa fún ọmọ

Bí ìpàdé àdúrà ṣe parí lálẹ́ yìí, ìyàwó kan dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. "Mọ́mì, tí mo bá lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù, ṣé kò ní dà bíi pé mi ò gba Ọlọ́run gbọ́?" Rárá o, ọmọ mi.

Ẹ wo Hánà nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 1. Ó sọkún, ó gbàdúrà, àmọ́ ní ẹsẹ 18 ó bá tirẹ̀ lọ, ó jẹun, kò sì fajúro mọ́. Oyún ò tíì dé nígbà yẹn o!

Torí náà, ẹ má fi ààwẹ̀ pa ara yín. Ẹni tó ń retí oyún nílò folic acid (irú fítámì kan), 400 microgram lójúmọ́, kó tó lóyún rárá. Bí ẹ bá ti jọ ń sùn déédéé fún ọdún kan láìsí ìfètòsọ́mọbíbí, ẹ lọ rí dókítà. Bí ìyàwó bá ti lé ní ọdún 35, oṣù 6 ti tó.

Kí ọkọ náà lọ. Èyí ló ń dùn mí jù: wọ́n á máa gbé obìnrin látorí òkè àdúrà kan dé òmíràn, wọn ò sì ní yẹ àtọ̀ ọkùnrin wò. Kó yàgò fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7 ṣáájú àyẹ̀wò náà, kí èsì rẹ̀ má baà ṣini lọ́nà.

Ẹ mú káàdì ọsibítù yín wá sípàdé tó ń bọ̀, a ó jọ gbàdúrà lé e lórí.