Ojú tí wọn kò yà: èrò àwọn agbágéèmù nípa The Last Door

Ó di ìgbà kẹta báyìí tí mo gbá The Last Door, géèmù adẹ́rùbani orí kọ̀ǹpútà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n ìgbà kẹta yìí ni mo tó fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí àwọn mìíràn tó ti gbá a rí ń sọ nípa rẹ̀. Èrò wọn kò ṣọ̀kan. Ẹnìkan á ní òun kò rí oorun sùn lẹ́yìn orí kìíní. Ẹlòmíràn á ní àwòrán tó rí wúruwùru bẹ́ẹ̀, tí a kò lè mọ imú yàtọ̀ sí ẹnu, kò lè da jìnnìjìnnì bo ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn géèmù yìí gan-an, n kò sì ní fi ìyẹn pamọ́. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń gbọ́ wọn, mo rí i pé àwọn tó ń yìn ín àti àwọn tó ń bẹnu àtẹ́ lù ú ń jiyàn lórí ohun kan náà láìmọ̀: kí ló yẹ kí àwòrán fi pamọ́ fún ẹni tó ń wò ó, kí sì ni kò yẹ kó fi pamọ́?

Kí n kọ́kọ́ sọ irú géèmù tí ó jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. The Game Kitchen, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Seville ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, ló ṣe é. Orí kìíní jáde ní 2013. Orí mẹ́rin ló para pọ̀ di apá kìíní, wọ́n sì kó wọn jọ sójú kan ní 2014. Apá kejì, tí òun náà ní orí mẹ́rin, parí ní 2016. Owó tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ dá jọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, tí àwọn ènìyàn sì ń retí orí kan lẹ́yìn òmíràn. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1891 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Jeremiah Devitt gba lẹ́tà lọ́wọ́ Anthony Beechworth, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà èwe, gbólóhùn Látìnì kan sì wà nínú lẹ́tà náà, Videte ne quis sciat, tó túmọ̀ sí pé kí wọ́n ṣọ́ra kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Devitt wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé Beechworth, ó sì bá ilé náà tó dá páropáro. Kò sí ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ, kò sì sí ẹni tí wàá bá jà. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o máa rìn láti yàrá dé yàrá, kí o máa yẹ nǹkan wò, kí o máa ṣa ohun tó lè wúlò, kí o sì fi wọ́n tú àdììtú tó bá dí ọ lọ́nà.

Ṣùgbọ́n kí Devitt tó dé ibẹ̀ rárá ni ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Géèmù náà ṣí sínú àjà ilé tó ṣókùnkùn, ọkùnrin kan sì dá dúró níbẹ̀. Orí ọkùnrin náà kò ju píkísẹ́lì díẹ̀ lọ, ìyẹn àwọn igun mẹ́rin aláwọ̀ kan ṣoṣo tí a tò jọ bíi bíríkì; àwọ̀ ara ènìyàn ló wà níbi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà, kò sí ẹyinjú níbẹ̀, kò sí ẹnu. Okùn wà nínú yàrá náà. Ìwọ tí o di máòsì mú ni wàá tẹ okùn náà, ìwọ náà ni wàá tẹ ohun tó kàn, títí Beechworth yóò fi pokùn so. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Bí o kò bá tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin náà á kàn dúró síbẹ̀, géèmù kò sì ní lọ síwájú.

Ibí yìí ni èrò àwọn agbágéèmù ti kọ́kọ́ yapa. Àwọn kan ní ìbẹ̀rẹ̀ yìí ló mú kí àwọn má lè fi géèmù náà sílẹ̀ mọ́. Àwọn kan bínú sí i, wọ́n ní kò yẹ kí a fi irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ko ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó lójú láìkìlọ̀ fún un ṣáájú, nítorí a kò mọ ẹni tó ti pàdánù ènìyàn rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Gbólóhùn ìkìlọ̀ kan ṣáájú kò lè ba ẹ̀rù géèmù náà jẹ́ rárá, nítorí ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ohun àìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń wúwo jù lórí máòsì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìgbà kẹta yìí ló ṣòro fún mi jù láti tẹ̀ ẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ àwòrán, ohun tí àwọn olólùfẹ́ géèmù náà máa ń sọ ni pé ohun tí píkísẹ́lì kò fi hàn ni ọkàn ẹni fi ń yà á fúnra rẹ̀, ohun tí ọkàn bá sì yà máa ń burú ju ohun tí ayàwòrán lè yà lọ. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Nígbà tí ènìyàn tí kò lójú bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ń hàn ní lẹ́tà níwájú rẹ, o kò mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín ni tàbí ó ń sunkún, wàá sì máa wá ojú rẹ̀ kiri láìrí i. Lójú ayé, ojú ẹni la fi ń mọ inú ẹni. Wọ́n gba ìyẹn lọ́wọ́ wa láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, wọn kò sì dá a padà mọ́.

Ṣùgbọ́n n kò gbà pé pípa nǹkan mọ́ nìkan ni ìdí tí irú àwọn géèmù wọ̀nyí fi ń bani lẹ́rù, nítorí àwọn mìíràn wà tó ṣe òdìkejì rẹ̀ tí wọ́n sì borí. Ẹ wo World of Horror, tí Paweł Koźmiński, dókítà eyín ọmọ ilẹ̀ Pólàǹdì, fi Microsoft Paint ya àwòrán rẹ̀, tí ó sì jáde ní kíkún ní 2023. Nínú tiẹ̀, ńṣe ni ojú kún gbogbo ibẹ̀: ojú tó fà ya, eyín tó pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè gbà lọ, wọ́n ya gbogbo rẹ̀ tóbi sójú kọ̀ǹpútà láìfi ohunkóhun bò. Ẹ sì wo FAITH, iṣẹ́ Airdorf, tí orí rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde pọ̀ ní 2022. Ọdún 1987 ni ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní Connecticut ní Amẹ́ríkà. Àlùfáà kan padà sí ilé tí lílé ẹ̀mí èṣù jáde tó fẹ́ ṣe níbẹ̀ ti dojú rú, àgbélébùú nìkan ló sì ní lọ́wọ́. Ènìyàn inú rẹ̀ kéré bí èèrà lórí ilẹ̀ dúdú, ohùn wọn dà bí ti ẹ̀rọ tí a fipá mú sọ̀rọ̀, ẹ̀mí èṣù kan sì lè fọwọ́ kàn ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí o kú. Bí ojú rẹ bá ti wá mọ́ àwòrán kéékèèké náà tán, wọ́n á ṣàdédé gbé àwòrán ńlá kan wá tí ń rìn bí ènìyàn gidi, nítorí ìrìn ènìyàn gidi ni wọ́n tẹ̀ lé yà á. Àwọn tó gbá FAITH kò yé sọ̀rọ̀ nípa àwọn àwòrán ńlá wọ̀nyẹn. Nítorí náà, kì í ṣe wúruwùru ni ó ń dẹ́rù bani. Ẹni tó ṣe géèmù ló yan ohun tí yóò fi hàn àti ìgbà tí yóò fi í hàn, píkísẹ́lì sì mú kí yíyàn náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn, nítorí kò sí ẹni tó ń retí pé kí ó ya gbogbo nǹkan.

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ráhùn, ó sì dùn mí pé àwọn olólùfẹ́ géèmù máa ń tètè dá wọn lẹ́kun pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé ojú wọn kò mọ iṣẹ́ ọnà. Ẹjọ́ wọn kì í ṣe pé àwòrán náà kò lẹ́wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ ni pé àwọn kò rí nǹkan tí àwọn ní láti mú. Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀: òkùnkùn tó bo iwin mọ́lẹ̀ lè bo kọ́kọ́rọ́ náà mọ́lẹ̀. Nínú géèmù píkísẹ́lì mìíràn tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, mo lo odindi alẹ́ kan nínú ilé ìdáná kan, mo ń lọ mo ń bọ̀, mo ń fi máòsì pa gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀. Irin kékeré kan ni mo nílò láti ṣí fèrèsé. Nígbà tí mo rí i níkẹyìn, píkísẹ́lì mẹ́ta ló jẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ilẹ̀ dọ́gba. Kí n tó rí i, ẹ̀rù ti tán nínú mi pátápátá. Mo ti mọ igun ilé ìdáná náà tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn tó ń mí lẹ́yìn ògiri kò fi ṣe mí ní nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀bi tó tóbi jù nìyẹn nínú irú géèmù yìí lójú tèmi, nítorí ẹni tó bá há síbì kan máa ń gbàgbé láti bẹ̀rù. The Last Door ṣe dáadáa ju ọ̀pọ̀ lọ ní ti èyí, torí pé àmì máòsì a máa yí padà bí o bá gbé e dé orí ohun tó ṣeé yẹ̀ wò tàbí tó ṣeé mú, àwọn yàrá rẹ̀ kò sì kún fún ẹrù. Síbẹ̀, àwọn ibì kan wà nínú rẹ̀ tí mo ti ní láti sún ojú mọ́ kọ̀ǹpútà. Kí olùṣe géèmù fi ojú iwin pamọ́, ó dára. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí n rí ilẹ̀kùn, kí ó jẹ́ kí n rí àtùpà.

Àwọn kan ní àdììtú rẹ̀ rọrùn jù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó rọrùn, n kò sì rí i bí àléébù. Àwọn kan ní orí kọ̀ọ̀kan kúrú. Ẹni tó bá gbá wọn tẹ̀léra wọn báyìí kò ní mọ̀ ọ́n lára bí àwọn tó dúró de orí tó kàn ti mọ̀ ọ́n. Ti ìrìn Devitt tó ń falẹ̀, èmi náà kùn nípa rẹ̀.

Orin ni ohun tí mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bú. Carlos Viola ló kọ ọ́, dùùrù àti ohùn gọ̀jé ilẹ̀ òkèèrè ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kódà àwọn tó sọ pé àwòrán náà kò wọ̀ wọ́n lójú máa ń gbà pé etí àwọn kò fọkàn balẹ̀. Ohùn inú géèmù náà kò sí ní píkísẹ́lì: afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lẹ́yìn fèrèsé jẹ́ afẹ́fẹ́ gidi, pákó tó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ jẹ́ pákó gidi. Nítorí náà, ojú ń sọ fún ọ pé ohun àfọwọ́yà ni èyí, etí ń sọ pé o wà nínú ilé náà, ọkàn rẹ kò sì mọ ẹni tí yóò gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó gbá géèmù yìí láìlo íápíìsì, kó tún un gbá kó tó dájọ́.

Lórí ìtàn rẹ̀, ìjà kò tíì parí. Apá kìíní dópin láìdáhùn ọ̀pọ̀ ìbéèrè, apá kejì sì gbé ọ̀rọ̀ náà lé dókítà Wakefield lọ́wọ́, ẹni tó ń tọ́jú ọpọlọ Devitt, tó ń wá a kiri. Àwọn kan ní àlàyé tó wà níbẹ̀ kéré, àwọn mìíràn ní ó ti pọ̀ jù. Èmi wà pẹ̀lú àwọn tó sọ pé ó pọ̀ jù. Bí wọ́n ti ń ṣàlàyé àṣírí tó wà nídìí ìtàn náà fún mi ni ó ń kéré sí i lójú mi, ó sì wù mí kí gbólóhùn Látìnì inú lẹ́tà yẹn ti kan àwọn tó kọ ìtàn náà pẹ̀lú.

Àbúrò mi wà lára àwọn tó gbà pé píkísẹ́lì kò lè dẹ́rù ba ènìyàn. Nígbà tó rí i pé mo ń gbá a lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò rí i pé ọkùnrin yìí kò tilẹ̀ lójú ni?” Mo dìde fún un, mo sọ ohun tó wà níwájú fún un kí ó tó jókòó, ó ní kò sí wàhálà. Ó tẹ okùn. Ó tẹ ohun tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó kù kó tẹ ti ìkẹyìn, ó gbé ìka kúrò lórí máòsì, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ọkùnrin náà dúró lórí kọ̀ǹpútà, ó ń dúró dè é. “Ṣé ẹ lè bá mi tẹ̀ ẹ́?” ni àbúrò mi wí.