Ìtàn kọ́ la bi yín

Ọjọ́ Ẹtì. N ò níṣẹ́ lónìí, òtútù mú, ìrẹsì àná ni mo jẹ. Ká fìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọdébìnrin yẹn ni kò kúrò létí mi láti àárọ̀. Mo wà lórí fóònù pẹ̀lú Bàámi nígbà tó kàn wọ́n níbi àyẹ̀wò pẹ́ńṣàn. Wọn ò rántí pa fóònù, ṣe ni wọ́n tì í bọ àpò. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ àga, mò ń gbọ́ ikọ́ àwọn àgbà. Ọmọdébìnrin tó ń yẹ ìwé wọn wò bi wọ́n pé ọdún wo ni ìjọba gbà wọ́n síṣẹ́. Bàámi ní, "Ọdún tí ìjì ṣí òrùlé ilé ìyá mi ni, èmi àti Bàbá Ṣadé la jọ gba lẹ́tà..." Kò jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀.

"Bàbá, ìtàn kọ́ la bi yín. Ọdún ni."

Kò jágbe mọ́ wọn o, kí n má purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ohùn ẹni tó ti rẹ̀ ni. Bóyá ohun tó jẹ́ kó dùn mí gan-an nìyẹn.

Mo bá padà sọ́dọ̀ àwọn bàbá mi ti 1832, àwọn arúgbó ará Amẹ́ríkà tó wá tọrọ pẹ́ńṣàn ogun, tí mò ń da ẹ̀rí wọn ní kóòtù kọ sórí ẹ̀rọ. Eléyìí tí mò ń dà kọ lónìí, apá ìwọ̀ oòrùn Virginia ló ti wá, ibi tó ti di West Virginia báyìí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tó wá síwájú adájọ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní June 7, 1832 ní kí ẹni tó bá sìn fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà wá gbowó, kódà bó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ìlú lásán ni. Ẹni tó bá pé ọdún méjì á máa gba owó rẹ̀ ní kíkún títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wà ńbẹ̀. Níbo ni wọ́n bí ọ sí, lọ́dún wo? Ṣé o yọ̀ǹda ara rẹ ni, àbí wọ́n fi dandan mú ọ, àbí o lọ dípò ẹlòmíì? Ìwé tí wọ́n fi tú ọ sílẹ̀ dà? Kí àlùfáà kan àti aládùúgbò kan sì wá jẹ́rìí sí i.

Ọdún, ọdún, ọdún. Ohun tí bàbá yìí ní kì í ṣe ọdún. Amí ni lẹ́nu ààlà. Méjì-méjì ni wọ́n ń jáde nínú odi, wọ́n á fi ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin gun òkè sọ òkè, wọ́n ń wá ipa ẹsẹ̀ àwọn Shawnee, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá rí i, eré ló kù, kí àwọn alóko lè tètè kó ìyàwó kó ọmọ wọ inú odi. Wọn kì í dáná lóru. Láti ìgbà tí ewé bá rú títí dìgbà tó bá wọ́ ni. Gbogbo ìyẹn ló rántí, ó rántí ẹni tí wọ́n jọ ń rìn. Ọdún ló ti sọ nù.

Gbólóhùn kan wà tí akọ̀wé kóòtù máa ń kọ níbẹ̀, mo ti mọ̀ ọ́n sórí, torí bákan náà ni fún ọ̀pọ̀ wọn: pé nítorí ogbó, àti ìgbàgbé tó ń bá ogbó rìn, kò lè fọwọ́ sọ̀yà búra sí iye ìgbà tó fi sìn gan-an. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, àánú ló ṣe mí. Lónìí, bí ẹni pé inúure ni mo rí níbẹ̀. Ìwé ìjọba fúnra ẹ̀ mọ̀ pé àgbà lè gbàgbé. Ta ló fi irú àyè yẹn sílẹ̀ fún Bàámi?

Àbí mò ń pọ́n wọn jù. Ọ̀pọ̀ àwọn amí yẹn ló lọ sílé lọ́wọ́ òfo, wọ́n ní igbó rírìn lẹ́ni méjì kì í ṣe iṣẹ́ ológun. Àwọn kan sì purọ́ lóòótọ́. Ní 1834, lọ́yà ìjọba kan, Singleton, bẹ̀rẹ̀ sí í tún bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ní agbègbè Lewis àti Harrison, àṣírí tú bí ẹní tú ẹrù. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fi irọ́ gba ọmọdébìnrin yẹn náà lójú rí...

Ilẹ̀ ta sì ni wọ́n ń ṣọ́ gan-an? Ẹni tí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ń já wọn láyà, ọ̀nà ọdẹ bàbá ẹ̀ ló ń tọ̀. Ta ló pe òun náà kó wá rojọ́? Dick Pointer, ẹrú dúdú tó bá wọn gbá ilẹ̀kùn mú nígbà tí wọ́n kọlu odi Fort Donnally lọ́dún 1778, 1801 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tiẹ̀ rí, inú mi ò yọ́ títí di báyìí.

Nísàlẹ̀ ìwé, akọ̀wé kọ orúkọ bàbá, ó fi àlàfo sí àárín, bàbá fa ìlà méjì dábùú ara wọn. Ọ̀kan gùn, èkejì gbọ̀n, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàdáwà kán sílẹ̀ níbi tó ti gbé kálàmù. Ó yẹ kí n tẹ X kí n máa lọ. Mo jókòó tì í pẹ́.

Kí Bàámi tó sùn, wọ́n pè. Wọ́n ní àwọn oníṣẹ́ pẹ́ńṣàn ní kí àwọn mú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wá lọ́jọ́ Ajé. Ẹnu mi ló yá: "Bàámi, ọdún wo gan-an ni ìjì yẹn jà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ náà?"

Ojú tì mí. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí ewúrẹ́ tí ìyá wọn so mọ́ ẹnu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ náà.