Ahéré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lẹ́sẹ̀ òkúta Ṣábẹ̀ẹ́

A múra sílẹ̀ de omi, a múra sílẹ̀ de iná, a múra sílẹ̀ de ẹ̀fọn. Ohun tí a kò múra sílẹ̀ dè ni bàbá arúgbó tí a máa ṣàlàyé fún pé a ní ilé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin), a ní owó òtẹ́ẹ̀lì lápò, síbẹ̀ inú ọkọ̀ la fẹ́ sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ló fà á. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé Amẹ́ríkà, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà níbẹ̀. Nígbà kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ háyà irú ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní RV: bẹ́ẹ̀dì ń bẹ nínú rẹ̀, ibi ìdáná ń bẹ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń bẹ. Wọ́n wà á lọ sí Valley of Fire ní ìpínlẹ̀ Nevada, inú aṣálẹ̀, bíi ìrìn wákàtí kan sí Las Vegas. Láti ọjọ́ náà, kò pè mí rí kó má dárúkọ òkúta pupa. Yanrìn tí afẹ́fẹ́ kó jọ ní nǹkan bíi 150 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ló dì di òkúta níbẹ̀, irin inú rẹ̀ ló sì dípẹtà tó fi pọ́n bẹ́ẹ̀. Ó ní bí oòrùn bá ń wọ̀, èèyàn á rò pé iná ń jó. Ó ní àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ àwòrán ẹranko sára òkúta náà. Nígbà tó wá kí wa nílé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó ní òun gbọ́dọ̀ sùn lẹ́sẹ̀ òkúta kan kí òun tó padà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkúta kò jìnnà sí wa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́." Ìlú tí àwọn Faransé ń kọ ní Savè ni, ní àárín Benin.

Ó ra bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan tó ti kó èrò Àjàṣẹ́ sí Kútọnu títí tó fi rẹ̀ ẹ́. Káfíńtà yọ gbogbo ìjókòó inú rẹ̀ àyàfi ti iwájú, ó kan bẹ́ẹ̀dì pákó, ó sì ṣe àpótí sábẹ́ rẹ̀ fún ìkòkò àti aṣọ. Wọ́n gé òrùlé rẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi gíláàsì tó ṣeé ṣí sílẹ̀ sí i. A gbé ìgò gáàsì kìlò 6 sínú rẹ̀, bídọ̀nù omi lítà 25 mẹ́rin, fáànù kékeré kan, fìríìjì kékeré kan, a sì de páńẹ́ẹ̀lì oòrùn mọ́ orí rẹ̀. Ní ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣọ́bìrì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àlàyé tí mo máa ṣe nípa ìyẹn nìyẹn.

Àwa mẹ́ta la lọ: ẹ̀gbọ́n mi, èmi, àti ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ la kúrò nílé, kí Kútọnu má baà há wa mọ́. Àlàdà, Bọ̀hìkọ́n, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa wọn ju pé búrẹ́dì Bọ̀hìkọ́n gbóná lọ́jọ́ náà. Ìdáàṣà la ti kọ́kọ́ rí òkè. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n máa ń sọ pé òkè ibẹ̀ jẹ́. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, ó ka mẹ́tàdínlógún, oorun gbé e lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín: ọ̀kan gba Sàfálù lọ, èkejì gba Glazoué lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ àti Parakou. A ya sí ọwọ́ ọ̀tún.

Kí a tó wọ Ṣábẹ̀ẹ́, a gun afárá odò Wẹ̀mẹ̀. Mo jí ọmọ náà kó lè rí i, torí omi yìí kan náà ló ń ṣàn wá bá wa ní ọ̀sà nílé. Kò gbà mí gbọ́. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi ibẹ̀ fà sẹ́yìn, òkúta yọ sókè láàárín odò, àwọn obìnrin sì ń fọ aṣọ lórí wọn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òkúta fúnra wọn yọ. Àwọn Faransé pè wọ́n ní ọmú. Èmi ò rí ọmú níbẹ̀ o. Ìṣáàsùn ńláńlá tí ẹnì kan dojú wọn délẹ̀ ni mo rí, dúdú bí èyí tó ti pẹ́ lórí iná igi, pẹ̀lú ipa omi òjò tó fa ilà gígùn láti orí dé ìdí. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Wọn ò pupa." Mo ní wọn ò pupa lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ju tiyín lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ bá mi fara dà á, jógíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òkúta Ṣábẹ̀ẹ́ kò bá yanrìn tan. Abẹ́ ilẹ̀ jíjìn réré ló ti wá, ohun gbígbóná tó yọ́, tó sì tutù díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ ní ohun tó lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òjò àti afẹ́fẹ́ ló wẹ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ. Bí ẹrù orí rẹ̀ ti ń fúyẹ́, òkúta náà ń mí, ó ń fẹ̀, ó sì ń bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ ó rí èèpo tó ti já bọ́, òmíràn nípọn tó mátíráàsì. Ẹ má gbé ọkọ̀ sábẹ́ ibi tí irú rẹ̀ bá ti ń sán.

A wá ilé tó sún mọ́ òkúta jù lọ, a lọ kí bàálé ibẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó jókòó sábẹ́ igi kajú. A kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀. Ṣé ọkọ̀ ló bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́?"

"Rárá, Bàbá. A fẹ́ tọrọ àyè láti sùn sí ìdí òkúta yín fún alẹ́ méjì ni."

"Nínú kí ni?"

"Nínú ọkọ̀, Bàbá."

Ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wò mí, ó wo ọmọ náà pẹ́ ju bó ṣe wò wá lọ. "Ṣé ìjà dé nílé ni?"

Kò tíì tán. Yàrá mẹ́ta ló ṣófo nílé rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kútọnu àti Èkó. Báwo ni àlejò á ṣe wá sun ìta? Kí ni àwọn ará àdúgbò á máa sọ nípa òun? Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé Nevada: pé ẹ ó dé ẹnu géètì, ẹ ó sanwó, ẹ ó wá àyè tó ní nọ́mbà, àwọn àyè kan ní omi ẹ̀rọ àti iná tí ẹ lè so mọ́ ọkọ̀, ẹ ó dákẹ́, ẹ ó máa wo òkúta.

"Ẹ sanwó," ni Bàbá wí, "kí ẹ tó sun ìta?"

Mo rí i pé a ti ń rì. Mo ní, "Bàbá, ẹni tó ní ilé nílùú tó sì lọ sùn ní ahéré, ṣé ilé ló kọ̀? Oko ló wù ú. Ahéré ni ọkọ̀ yìí. Táyà ló kàn ní."

Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi wúkọ́. Ó pe ìyàwó rẹ̀ síta pé kó wá wo ahéré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Láti ìgbà náà, orúkọ ọkọ̀ wa nìyẹn.

Òun fúnra rẹ̀ mú ọ̀pá, ó mú wa lọ. Ó fi ibi tí a lè gùn hàn wá, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ kan hàn wá tó ní kí a má dé rárá, kí a má sì ya fọ́tò rẹ̀. Kò sọ ìdí, a ò bèèrè. Níbi tí òkúta méjì ti fara ti ara wọn, ó ní ibẹ̀ ni àwọn ìyá àti bàbá wọn sá wọ̀ nígbà ogun Dàhòmì. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Ọmọ Kétu ni ìyá mi. Odi àti yàrà ni Kétu gbẹ́kẹ̀ lé, Àkàbà Ìdéna, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú náà, sì wà níbẹ̀ dòní, ṣùgbọ́n ní 1886 ogun náà wọlé, ó sun ìlú, ó kó èèyàn lọ. Ilẹ̀ tẹ́jú ní Kétu. Kò sí ìṣáàsùn tí èèyàn lè sá sí abẹ́ rẹ̀.

Alẹ́ àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀yìn ọkọ̀ ti òkúta gan-an, torí fọ́tò. Mo sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Òkúta tó ti ń yáná oòrùn láti àárọ̀ kì í tutù nítorí pé ilẹ̀ ṣú. Ní aago mọ́kànlá òru, mo fi ọwọ́ kàn án, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó tún dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. A làágùn bí ẹran ìgbẹ́ tó wà lórí ààrò, títí ọmọ mi fi ní, "Bùọ̀dá Amẹ́ríkà, ṣé bí ó ṣe máa ń rí níbẹ̀ náà nìyí?" Ẹ̀gbọ́n mi dìde láìsọ̀rọ̀, ó sún ọkọ̀ sí gbangba, bí igba ìṣísẹ̀ sí òkúta. A sùn dáadáa. Ní aago mẹ́rin, ọyẹ́ dé, ó bá wa pẹ̀lú aṣọ ìbora kan ṣoṣo fún èèyàn mẹ́ta.

Mi ò ní purọ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì tó gbogbo wàhálà náà. A gun ẹ̀gbẹ́ tí Bàbá fi hàn wá kí oòrùn tó là, láìwọ bàtà, torí àtẹ́lẹsẹ̀ di òkúta mú ju bàtà mi lọ. Lókè, ìkùukùu ọyẹ́ bo gbogbo ìsàlẹ̀, orí àwọn òkúta yòókù nìkan ló yọ. Alángbá olórí pupa kan ń ṣe bẹẹrẹ lórí òkúta bí ẹni tó ń kí wa. Àwòdì ń yípo nísàlẹ̀ wa. Ní Àjàṣẹ́, mi ò tíì wo ẹ̀yìn àwòdì rí.

Ìyàwó Bàbá gbé iyán wá lọ́sàn-án àti lálẹ́, pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti wàrà Fúlàní tí wọ́n dín. Oúnjẹ tí a rà sílẹ̀, a kò ṣí i.

Ìtìjú ọjọ́ Àìkú ni mo fẹ́ fò, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ẹlòmíràn láǹfààní. Bátírì tó ń ṣí ẹ́ńjìnnì náà ni wọ́n so fáànù àti fìríìjì mọ́. Ọyẹ́ bo oòrùn, eruku bo páńẹ́ẹ̀lì, fìríìjì mu iná títí ilẹ̀ fi mọ́. A yí kọ́kọ́rọ́, ó ní "tíkì", ó dákẹ́. Bí ẹ bá máa ṣe irú ọkọ̀ yìí, bátírì méjì ni kí ẹ rà, kí ti inú ilé má ṣe mọ ti ẹ́ńjìnnì. Ọlọ́kadà méjì àti àwọn ọmọ Fúlàní mẹ́ta tó ń da màlúù kọjá ló bá wa tì í. Màlúù dúró, wọ́n ń wò wá.

Nígbà tó ti ń ró, Bàbá dé láti dágbére. Ó ní kí a jẹ́ kí òun rí inú ahéré náà dáadáa. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ojú ọ̀run láti inú gíláàsì òkè. Ó ṣí àpótí, ó pa á dé. Ó tan iná gáàsì, ó pa á. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi tí mo fi rò pé ó ti sùn.

Ó jókòó, ó ní, "Ó dára. Ẹ ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n níbo ni àlejò yín ń jókòó sí?"

Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu, kò rí nǹkan sọ. A dúpẹ́, a dágbére, a wọ ọ̀nà. Àárín afárá Wẹ̀mẹ̀ la wà kó tó sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ṣì wà lọ́nà: "Pákó kan lè wọ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn. Èyí tó ṣeé ká."