Aspirin kan náà, ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ apoògùn, oògùn tí mo fojú kéré jù lọ ló kọ́kọ́ dójú tì mí.

Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n gbé bàbá àgbàlagbà kan wá sí wọ́ọ̀dù. Ara wọn ò lókun mọ́, àtẹ́lẹwọ́ wọn ti funfun, ìgbẹ́ wọn sì dúdú bí ọ̀dà. Mo ní, "Bàbá, oògùn wo lẹ ń lò?" Wọ́n dárúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ṣoṣo. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo bá tèmi lọ. Ọjọ́ kejì ni ọmọ wọn obìnrin tó sọ pé, "Ṣé wọ́n ka aspirin àràárọ̀ yẹn mọ́ ọn ṣá?" Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń gbé e mì. Dókítà kankan ò kọ ọ́ fún wọn, ọkàn ò sì yọ wọ́n lẹ́nu rí; ọ̀rẹ́ wọn kan ló ní ó ń dáàbò bo ọkàn. Bàbá ò purọ́ fún mi o. Lójú tiwọn, ohun téèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ rà kì í ṣe oògùn. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè mi ti di méjì: kí ni dókítà ní kí ẹ máa lò, kí lẹ sì ń lò tí dókítà ò mọ̀ sí?

Bí ẹ bá mọ iṣẹ́ tí aspirin ń ṣe, ẹ ò ní í ya ẹnu pé ẹ̀jẹ̀ bàbá dà sínú, tí ìgbẹ́ wọn fi dúdú. Àwọn platelet inú ẹ̀jẹ̀ máa ń pe ara wọn jọ síbi tí iṣan bá ti ya, kí wọ́n lè dí i. Èròjà kan nínú wọn, COX-1, ni wọ́n fi ń ṣe ìpè yẹn. Aspirin a so COX-1 lọ́wọ́, kò sì ní í tú u sílẹ̀ mọ́. Platelet ò sì lè ṣe COX-1 òmíràn, torí náà bó ṣe máa wà nìyẹn títí tó fi máa kú, bí ọjọ́ 7 sí 10. Ìdí nìyí tí mìlígíráàmù 75 sí 100 péré fi tó lóòjọ́, òun náà ló sì fà á tí ẹni tó dá a dúró lánàá ò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Àpòlúkù náà nílò COX-1 yìí kan náà láti ṣe ohun tó ń dáàbò bo ògiri rẹ̀. Aspirin ò mọ ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ dì sínú iṣan ọkàn yàtọ̀ sí èyí tó yẹ kó dí ojú ọgbẹ́ inú. Àwọn kan á sọ fún yín pé èyí tí wọ́n fi nǹkan bò lára kì í ṣe inú ní jàǹbá. Èmi náà gbà á gbọ́ nígbà kan. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ìbòrí yẹn ò sì dá ẹ̀jẹ̀ dídà dúró. Ẹni tó bá nílò aspirin lóòótọ́, tó sì ti ní ọgbẹ́ inú rí, oògùn bí omeprazole, tó ń dín omi kíkan inú àpòlúkù kù, ni kí ẹ bá dókítà rẹ̀ sọ.

Ta wá ni ẹni tó nílò rẹ̀? Ní 1988, ìwádìí ISIS-2 lo àwọn 17,187 tí wọ́n fura sí pé ọkàn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù wọ́n. Mìlígíráàmù 160 lójúmọ́ fún oṣù kan dín ikú àìsàn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ kù ní ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀: ẹni tí ọkàn ti kọlù rí, tàbí tó ti ní rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà, èrè rẹ̀ sábà máa ń borí ewu.

Ti ẹni tí ohunkóhun ò ṣe ló dàrú. Ní 1989, ìwádìí tí wọ́n fi dókítà ọkùnrin 22,071 ṣe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé aspirin dín ìkọlù ọkàn àkọ́kọ́ kù gan-an, ariwo sì ta. Àwọn díẹ̀ ló rántí pé ikú àìsàn ọkàn lápapọ̀ ò dín kù nínú ìwádìí yẹn. Pé aspirin ń dènà ìkọlù ọkàn àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ́ mi níléèwé, mo sì gbé e rù ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 2018 ni ìwádìí ASPREE dé, pẹ̀lú àgbàlagbà 19,114, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti pé 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààbò tí ọkàn wọn rí gbà ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dídà tó le fò láti ìdá 2.8 sí 3.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí ASCEND wo àwọn alátọ̀gbẹ lọ́dún kan náà: ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti irú wọn wálẹ̀ láti 9.6 sí 8.5, ẹ̀jẹ̀ dídà gòkè láti 3.2 sí 4.1. Ọwọ́ ọ̀tún gbà, ọwọ́ òsì san án padà. Ní 2022, ìgbìmọ̀ ìdènà àìsàn ti Amẹ́ríkà, USPSTF, ní kí ẹni tó ti pé 60, tí àìsàn ọkàn ò bá ṣe rí, má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá. Kí àwọn 40 sí 59 tí ewu wọn ga jókòó bá dókítà wọn sọ ọ́.

Ẹ fojú sí ọ̀rọ̀ náà: "má bẹ̀rẹ̀" ni wọ́n sọ. Èmi kà á sí "jáwọ́". Ìyá kan wá bá mi, mo ti ní, "Màámà, ẹ lè jù ú nù," kí wọ́n tó ní, "Irin kékeré tí wọ́n fi la iṣan ọkàn mi lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn ńkọ́?" Àyà mi já. Bí ẹni tó ní stent, irú irin kékeré yẹn, bá ṣàdédé dá aspirin dúró, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú irin náà, kó sì pa á. Ìyá náà ló gba ara wọn lọ́wọ́ mi.

Àwọn kéékèèké tó kù: ẹni tó bá kọ́kọ́ mu ibuprofen, oògùn ìrora, ti fi í dí ojú ọ̀nà fún aspirin, torí náà kí aspirin ṣáájú. Ẹ má fún ọmọdé tí ibà mú ní aspirin, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ lè bàjẹ́. Ẹ bi oníkọ́-fée léèrè dáadáa bóyá aspirin ti dí mímí rẹ̀ lọ́wọ́ rí.

Bàbá yẹn yè. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ ilé, wọ́n bi mí pé kí ni àwọn á máa wá gbé mì láràárọ̀ báyìí fún ọkàn. Mo nawọ́ sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, tí ọmọ wọn ní wọ́n máa ń fo ọjọ́ méjì mẹ́ta. Wọ́n yí i wò lọ́tùn-ún lósì. "Èyí náà," wọ́n ní, "oògùn ọkàn ni?"