Ẹ bá mi dúpẹ́ o, kéèkì tó rì ló yọ mí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, torí ká ní kì í ṣe Òun ni, àtìmọ́lé ni mi ò bá ṣì wà báyìí. Ìdíje kéèkì orí tẹlifíṣọ̀n tí mò ń sáré kiri lé lórí yẹn náà ni o. Adájọ́ kan jẹ kéèkì mi, kò tíì gbé ẹlẹ́ẹ̀kejì mì tó fi ṣubú lulẹ̀, ó sì kú.

Ọlọ́pàá ní májèlé ni, pé ó ń rùn bí almond, bẹ́ẹ̀ kéèkì almond ni tèmi! Mo ní ẹ̀yin ọ̀gá, almond tó korò ni májèlé máa ń wà nínú ẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà fún jíjẹ kì í pààyàn. Ta ló fẹ́ gbọ́? Gbogbo ayé ṣáà ti gbọ́ bí adájọ́ tó kú náà ṣe bú mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú pé kéèkì mi gbẹ bíi tìmùtìmù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n gbé fọ́tò kéèkì tó kù wá síwájú mi, mo wò ó, orí ẹ̀ ga, ó rọ̀gbọ̀dọ̀ bí ẹ̀yìn igbá, ni mo bá pariwo pé èyí kì í ṣe tèmi! Wọ́n rò pé orí mi ti dàrú. Ṣé ẹ rí i, lọ́jọ́ yẹn ara mi ò balẹ̀, mo ṣí oven nígbà tí àárín kéèkì ò tíì jinná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe kéèkì ẹ mọ ohun tí atẹ́gùn tútù máa ń ṣe, ó rì wọnú bí abọ́. Mo sunkún débi pé nígbà tí wọ́n pè wá wọlé fún ìdájọ́, wọ́n ti gé kéèkì sáwo, ìtìjú ò jẹ́ kí n gbójú sókè wò ó.

Ọmọbìnrin kan tó ń ya kámẹ́rà ló ti ká ẹkún yẹn sílẹ̀ látòkèdélẹ̀, èmi àti kéèkì rírì mi. Ká sòótọ́, wọ́n fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín ni. Fídíò yẹn ló tú àṣírí. Wọ́n bá kéèkì mi gan-an nínú ọ̀rá ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé, wọ́n sì rí ẹni tó pààrọ̀ ẹ̀: adájọ́ kejì ni, ẹni tó fún mi ní áńkáṣíìfù kí n fi nu ojú! Ọ̀rọ̀ owó ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ó ti dé kóòtù, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́run tu ìdílé olóògbé nínú. Ọmọ oníkámẹ́rà, o ṣeun, o ò ní rí ìtìjú láyé. Lọ́yà mi, ẹ ṣé gan-an.

Wọ́n ní kí n padà wá sí ìdíje, mo ní ó tì o. Àná ni mo tó tún ṣe kéèkì, mo jókòó ti oven, mi ò fọwọ́ kàn án rárá. Ó tún rì díẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán.