Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú kíkó owó àfòòlùtẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ

Ìwọ̀n ni kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó mọ ọba. Owó ẹ̀rọ ló kọ́ ojú wa láti máa wá dídán. Ṣùgbọ́n nínú owó fàdákà tí wọ́n ń fi òòlù tẹ̀, èyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe títí di 1662, dídán ló yẹ kó kọ́kọ́ fu yín lára. Èyí tó bá ń kọ mànà bíi ṣíbí tuntun, wọ́n ti fi nǹkan họ ọ́, iye rẹ̀ sì ti já wálẹ̀.

Ẹ ní ìwọ̀n kékeré tó ń ka 0.01 gíráàmù. Láti 1180 títí kan ayé Edward Kìíní (ọba láti 1272 sí 1307), pẹ́nì kan kò jìnnà sí gíráàmù 1.45. Ní 1351 ó ti di 1.17, ní 1412, 0.97, ní 1464, 0.78. Nítorí náà, pẹ́nì Edward tó wọn 1.40 kì í ṣe ti ẹ̀yìn 1351. Èyí tó wọn 1.10 ńkọ́? Ó lè jẹ́ ti ẹ̀yìn 1351, ó sì lè jẹ́ ti Edward Kìíní tí wọ́n rẹ́ létí. Ẹ wo àwọn lẹ́tà etí rẹ̀: bí orí wọn bá ti gé dànù, wọ́n ti rẹ́ ẹ nìyẹn.

Orúkọ ara owó lè tan yín. Láti 1180 sí 1247, HENRICVS, ìyẹn Henry, ni wọ́n kọ sí gbogbo pẹ́nì alágbèélébùú kúkúrú (èyí tí àgbélébùú ẹ̀yìn rẹ̀ kò dé etí), ìbáà jẹ́ ayé ọba Richard tàbí ti John. Ìṣù irun ẹ̀gbẹ́ ojú ọba àti bí wọ́n ṣe kọ lẹ́tà la fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá rí orúkọ John gan-an, pẹ́nì Ireland ni. Ẹni tó bá sì ní òun ń ta ṣílè ayé Edward, ẹ bá tiyín lọ: pẹ́nì 12 ni wọ́n ń kà ní ṣílè kan, bí àwọn òbí wa náà ṣe ń kà á títí di 1973, ṣùgbọ́n kò sí owó ẹyọ ṣílè ṣáájú Henry Keje.

Lójú tèmi, ẹ má lé ọba kọ̀ọ̀kan. Owó Edward Karùn-ún ṣọ̀wọ́n débi pé òun nìkan yóò jẹ owó yín tán. Pẹ́nì Edward Kìíní, láti 1279, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó pọ̀, kò wọ́n, orúkọ ìlú sì wà lẹ́yìn rẹ̀: CIVITAS LONDON (ìlú London), CIVITAS CANTOR (ìlú Canterbury). Ẹ wá máa fi ìlú kún ìlú. Gíróòtì rẹ̀, owó ẹyọ pẹ́nì mẹ́rin, ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ti fi ṣe ọ̀ṣọ́ rí. Ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá wá àmì góòlù àti ojú ibi tí wọ́n ti jó ìkọ́ mọ́ ọn.

Ayédèrú tí wọ́n yọ́ irin dà máa ń ní ihò wínníwínní, lẹ́tà rẹ̀ á kú, ojú ibi tí ìdajì méjèèjì ti pàdé á sì hàn létí. Bí owó méjì bá sán níbì kan náà gẹ́lẹ́, ẹ má ra ìkankan.

Owó tó bá ti wọ́, ẹ má nà án kó tọ́. Fàdákà tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ máa ń gbẹ, yóò dá sí méjì lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì kó o sínú ọ̀rá PVC, ó máa ń tú ohun aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ owó.

Owó tí wọ́n wú jáde nínú ilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Òfin ìṣúra wọn, Treasure Act ti 1996, ka owó fàdákà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ti lé ní 300 ọdún, tí wọ́n bá ara wọn níbì kan náà, sí ìṣúra tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kúrò ní Britain, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìkójáde pẹ̀lú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.